Ẹ̀wọ̀n Kì í Dá Ilẹ̀ Padà: Àgbéyẹ̀wò Jìbìtì Nínú Ilẹ̀ àti Ilé Rírà

Lára ògiri ilé káàkiri Èkó, láti Súrùlérè dé Agége, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ gàdàgbà: ilé yìí kì í ṣe títà, ẹ ṣọ́ra fún gbájú-ẹ̀. Nígbà mìíràn, wọ́n á kọ nọ́ńbà ẹjọ́ tó wà ní kóòtù sí abẹ́ rẹ̀. Onílé kò polówó ilé, kò sì sí lọ́kàn rẹ̀ láti tà á. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí òun bá rìnrìn àjò, ẹnì kan lè mú kọ́kọ́rọ́ wá, kó mú àjèjì rìn yíká yàrá, kó sì gbowó ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yẹn lè rò pé kò sófin nílùú. Òfin wà, ó tilẹ̀ pọ̀. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí ni bí òfin náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó àti ibi tí kò tó. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bí wọ́n bá fi ilẹ̀ lu àwọn ní jìbìtì, EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, á gbé olè, adájọ́ á jù ú sẹ́wọ̀n, ilẹ̀ á sì padà sọ́wọ́ ẹni tó sanwó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ tó ń rán olè lẹ́wọ̀n ọ̀tọ̀, ẹjọ́ tó ń sọ ẹni tó nilẹ̀ ọ̀tọ̀. Èèyàn lè jàre nínú ọ̀kan kó sì pàdánù èkejì pátápátá. Ohun kan ṣoṣo tó lè gbè é ní méjèèjì ni ẹ̀rí tó kó jọ lọ́jọ́ tó ń sanwó, nígbà tí inú gbogbo èèyàn ṣì ń dùn.

Ilẹ̀ ẹbí, ilẹ̀ ìjọba

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí jìn. Láyé àwọn bàbá wa, ẹbí ló nilẹ̀. Olórí ẹbí ń tọ́jú rẹ̀ ni, kì í ṣe tirẹ̀ láti tà bó ṣe wù ú. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, tí wọn ò fẹ́ san owó gidi fún un, Olóyè Olúwa ti Èkó, Amodu Tijani, gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay, olóṣèlú Èkó, bá a lọ ní 1920. Ní 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council dá a láre: àwọn ọmọ onílẹ̀ ló ni ilẹ̀ ní tòótọ́, owó tó yẹ onílẹ̀ ni kí ìjọba san. Ìdájọ́ yẹn gba ẹ̀tọ́ ẹbí là, títí dòní sì ni àwọn lọ́yà ń tọ́ka sí i.

Àmọ́ ilẹ̀ tó jẹ́ ti ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló lè dìde láti tà á. Àwọn kóòtù wa ti là á sílẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn. Bí olórí ẹbí bá tà láìjẹ́ pé àwọn olórí ojúlé fọwọ́ sí i, àwọn yòókù lè lọ sí kóòtù kí wọ́n sì fagi lé títà náà, bí wọ́n bá tètè dìde. Bí àwọn olórí ojúlé bá tà láìsí olórí ẹbí, asán ni láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé kò sí ohun tí wọ́n tà. Àṣìṣe tó máa ń gba owó ọ̀pọ̀ olùrà nìyẹn: wọ́n rí àgbààgbà mẹ́ta tó dé fìlà, tó ń súre, wọ́n sì rò pé àwọn ti bá ẹbí pàdé.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1978, ìjọba ológun mú Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde. Láti ọjọ́ náà, gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń dì í mú fún ará ìlú. Abala 22 òfin náà sọ pé ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìjọba lórí ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tà á tàbí fi ṣe ìdúró láìgba àṣẹ gómìnà. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó. Wọ́n fi ilé ṣe ìdúró fún owó báǹkì láìgba àṣẹ gómìnà. Nígbà tí báǹkì fẹ́ ta ilé náà, onílé fúnra rẹ̀ ló lọ sí kóòtù pé kò sí àṣẹ, ó sì borí.

Nítorí náà, ọwọ́ méjì ni olùrà ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà nílẹ̀ wa: ti ẹbí àti ti ìjọba. Àárín ọwọ́ méjèèjì yìí ni gbájú-ẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì, mẹ́ta. Ọmọ kan nínú ẹbí tà á lóṣù Kìíní, àbúrò rẹ̀ tún tà á lóṣù Kẹfà, ẹni tó bá kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n á máa pè ní onílẹ̀. Èkejì ni kí ẹni tí kò bá ẹbí náà tan rárá pe ara rẹ̀ ní olórí ẹbí. Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀ tó wà ní kóòtù: wọ́n á tà á kí ìdájọ́ tó dé, ohun tí adájọ́ bá sì sọ fún ẹni tó tà á ló máa de ẹni tó rà á.

Ilẹ̀ tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ló ń tan àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá. Ní agbègbè Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ tó pọ̀ ló wà lábẹ́ ìjọba. Ìjọba lè yọ apá kan sílẹ̀ fún ẹbí tàbí abúlé, èyí tí wọ́n ń pè ní excision, yóò sì tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé gàsẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń tà á á ní, “Excision ti wà lọ́nà.” Ohun tó wà lọ́nà kò tíì dé. Bí gàsẹ́ẹ̀tì kò bá sí, ìjọba lè wó ohun tí ẹ kọ́ síbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Ti ilé ńkọ́? Agẹ́ńtì kan lè mú èèyàn mẹ́wàá wo fúláàtì kan ṣoṣo, kó gba owó ọdún kan lọ́wọ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn, kó sì pa fóònù. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń gbowó ilé tí wọn ò tíì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ta ilé. Èrè ni wọ́n ń tà. Wọ́n ní kí ẹ fi owó sínú ilẹ̀, kí ẹ máa gba èrè lóṣooṣù, láìsí ẹni tó rí ilẹ̀ náà rí. Owó ẹni tó dé lẹ́yìn ni wọ́n fi ń san èrè ẹni tó dé ṣáájú. Òfin ìdókòwò tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí ní 2025 ka irú ètò yẹn léèwọ̀ ní tààràtà.

Mo ti di ìwé ẹ̀tàn mú lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló gbé e fún mi nínú àpò ike tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì. Risíìtì lásán ni, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oníwèé. Wọ́n kọ “pílọ́ọ̀tì kan” sí i, wọn ò kọ ìwọ̀n rẹ̀, wọn ò kọ nọ́ńbà súfèè. Òǹtẹ̀ àtàǹpàkò mẹ́ta wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú yíǹkì àlùkò. Lẹ́yìn ìwé náà, ẹnì kan ti fi báírò ya igi máńgòrò kan, ó fi ọfà tọ́ka sí i pé ibẹ̀ ni ààlà. Nígbà tí a fi máa dé ilẹ̀ náà, wọ́n ti gé máńgòrò, ẹlòmíràn sì ti mọ fẹ́ǹsì yíká. Kò sí olórí ẹbí nínú àwọn mẹ́ta tó tẹ àtàǹpàkò. Owó ọwọ́ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi san, inú àpò ìdọ̀họ ni wọ́n kó o sí. Nígbà tí ọlọ́pàá bi í pé ẹ̀rí dà, ike búrẹ́dì yẹn ló nà sí i.

Òfin tó dè wọ́n

Orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pe jìbìtì Nàìjíríà, 419, inú ìwé òfin ọ̀daràn ló ti wá: nọ́ńbà abala tó sọ̀rọ̀ nípa fífi irọ́ gba ohun ìní ẹlòmíràn ni. Òfin tó mú un le sí i ni ti 2006 lórí jìbìtì owó ìṣáájú. Ẹni tó bá jẹ̀bi lábẹ́ rẹ̀ kò lè lò tó kéré sí ọdún 7 lẹ́wọ̀n, ó sì lè tó ọdún 20, kò sì sí pé kó san owó ìtanràn dípò ẹ̀wọ̀n. Òfin kan náà fún adájọ́ lágbára láti pàṣẹ pé kí ọ̀daràn dá owó padà fún ẹni tó lù ní jìbìtì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ ìwé ẹ̀sùn kì í rántí bèèrè fún èyí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìrètí wọn wà.

Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2016, nígbà tí Gómìnà Akínwùnmí Ambode fọwọ́ sí òfin ààbò dúkìá. Àwọn àjàgùngbalẹ̀ ni òfin náà dojú kọ: ẹni tó bá fi ipá gba dúkìá lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ó fòfin de ẹni tó mọ̀ pé dúkìá kì í ṣe tòun tó sì tà á, ó sì tún de àwọn tó ń da iṣẹ́ ilé dúró láti gba owó ìpìlẹ̀, owó òrùlé, owó fẹ́ǹsì. Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ṣe òfin lórí àjàgùngbalẹ̀ ní ọdún kan náà.

Òfin tó dènà fífọ owó, ti 2022, kan olùrà fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ san owó ọwọ́ tó ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, tàbí mílíọ̀nù 10 fún ilé iṣẹ́, láìgba báǹkì. Àwọn tó ń ṣòwò ilé àti ilẹ̀ wà lára àwọn tó ní láti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin náà kí wọ́n sì máa ròyìn owó tó bá mú ìfura dání. Ẹni tó kó owó sínú àpò “Ghana Must Go” lọ ra ilẹ̀ rò pé òun ń sá fún owó báǹkì. Ó ń rú òfin, ó sì ń pa ẹ̀rí ara rẹ̀ run.

Nígbà tí ẹjọ́ bá dé kóòtù

Kí adájọ́ tó rán ẹnikẹ́ni lẹ́wọ̀n, agbẹjọ́rò ìjọba ní láti fi hàn kọjá iyè méjì pé olùjẹ́jọ́ pa irọ́, pé ó mọ̀ pé irọ́ ni, pé ó pète láti fi jẹ èrú, àti pé irọ́ yẹn ló mú kí owó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń kùn. Ohun tó sì ń já ọ̀pọ̀ ẹjọ́ kulẹ̀ ni pé òfin 2006 sọ pé irọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ nípa ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tàbí ohun tó wà nílẹ̀ báyìí. Bí ẹnì kan bá ní, “Màá kọ́ ilé yín tán láàárín oṣù 18,” ìlérí nìyẹn. Bí kò bá mú un ṣẹ, lọ́yà rẹ̀ á ní ọjà ló gbówó lórí, síméǹtì ló wọ́n, àdéhùn ló bà jẹ́, kí wọ́n lọ sí ilé ẹjọ́ tó ń yanjú àdéhùn. Ṣùgbọ́n bó bá ní, “Ilẹ̀ yìí ní C of O, ìwé àṣẹ ìjọba, èmi ni mo ni ín,” tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, irọ́ tí òfin lè dì mú nìyẹn. Nítorí náà, ẹ máa béèrè ohun tó wà nílẹ̀, kí ẹ sì gbà á ní kíkọ, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ. Gbólóhùn kan nínú lẹ́tà tàbí nínú WhatsApp lè ṣe ohun tí ẹlẹ́rìí mẹ́ta kò lè ṣe.

Ọ̀pọ̀ a máa sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n bá àwọn gbowó. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti 2015, sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú èèyàn tìtorí gbèsè tàbí àdéhùn tó bà jẹ́ lásán. Ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó-gbèsè. Ẹni tó bá lò ó bẹ́ẹ̀ lè rí i pé ẹni tó jẹ ẹ́ lówó ti gbé òun gan-an lọ sí kóòtù pé ó fi ẹ̀tọ́ òun dù òun. Bákan náà, ẹlòmíràn á gba ìdajì owó rẹ̀ padà láàárín ẹjọ́, kò sì ní í wá jẹ́rìí mọ́. Ìjọba ló ni ẹjọ́ ọ̀daràn lóòótọ́, àmọ́ ẹjọ́ tí kò lẹ́lẹ́rìí kì í dúró.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé gbogbo rẹ̀ yọrí sí rere, tí gbájú-ẹ̀ wọ ẹ̀wọ̀n. Ilẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀ ló tà, onílẹ̀ ló ṣì ni ín, nítorí kò sẹ́ni tó lè fúnni ní ohun tí kò ní. Ilé ẹjọ́ mìíràn ló máa sọ ẹni tó ni ín. Láti ìgbà ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ń gbà fi ìdí ẹ̀tọ́ múlẹ̀ lórí ilẹ̀: ìtàn ìran, ìwé tó pé, lílo ilẹ̀ bí onílẹ̀ títí tó fi hàn gbangba, wíwà lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà tó fi jọ pé ọ̀kan ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn tó, bó bá dúró dáadáa. C of O pàápàá kì í ṣe àmúdájú. Ilé ẹjọ́ lè fagi lé e bí ẹni tó gbà á kò bá ní ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà náà sì ń lọ: ní Èkó, ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 12 láti pẹjọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Owó tó ń ti òkè òkun wá

Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston àti ní Atlanta ni ọ̀rọ̀ yìí ń pa jù. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àgbà, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n, sí àbúrò, sí ọ̀rẹ́ ilé ìwé. Fídíò ilé tí wọ́n ń rí lórí fóònù lè jẹ́ ilé aládùúgbò. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni lè san owó díẹ̀ kó rí orúkọ ẹni tó ni ilé nínú ìwé Land Registry, ìjọba sì dúró lẹ́yìn ohun tó wà níbẹ̀. Ẹni tí irú ètò yẹn ti mọ́ lára á rò pé bí ìwé bá ti jáde láti Aláùsá, ibùjókòó ìjọba Èkó, ọ̀rọ̀ parí. Ó sì jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ẹbí wa kò sí nínú ìwé kankan.

Èyí tó tún burú ni pé ẹni tó jẹ owó náà jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni. A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ta ló fẹ́ gbé ọmọ ìyá rẹ̀ lọ sí EFCC kí ìyá wọn sì wà láyé? Mo mọ bó ṣe ń rí lára, nítorí náà ni mo ṣe ní kí wọ́n ṣe ohun tó yẹ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Kí orúkọ wọn wà lórí gbogbo ìwé. Kí ìwé àṣẹ tí wọ́n fún ẹbí sọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Kí lọ́yà tí wọ́n gbà fúnra wọn, tí kò bá ẹni tó ń tà tàbí ẹni tó ń gbà á fún wọn tan, máa ròyìn fún wọn ní tààràtà. Ẹni tó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi í sí ibi tí ìdánwò ti pọ̀ jù fún un.

Ẹ̀wẹ̀, ẹni tó ń dókòwò lè bá ara rẹ̀ nínú àpótí olùjẹ́jọ́. Ẹni tó fi ohùn ara rẹ̀ pe ará ìjọ rẹ̀ wọ ètò èrè oṣooṣù, tó ń gba owó lórí wọn, tó sì ti rí i pé ilẹ̀ kò sí, kò lè sọ pé wọ́n lu òun náà ní jìbìtì ni. Ẹni tó gba àwọn jàǹdùkú láti lé ẹlòmíràn kúrò lórí ilẹ̀ tó rà ti di àjàgùngbalẹ̀ lójú òfin, bí ilẹ̀ náà tilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Àwọn ìgbésẹ̀ tó ń gbani là kò le; sùúrù ló wọ́n. Kí súfèyọ̀ gbé àwòrán ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Kí lọ́yà yẹ ìwé wò ní Aláùsá àti ní kóòtù. Kí olórí ẹbí àti àwọn olórí ojúlé fọwọ́ sí ìwé pa pọ̀, kí ẹ sì bi àwọn aládùúgbò léèrè ẹni tí wọ́n mọ̀ sí ọmọ ilẹ̀ náà. Kí owó gba báǹkì wọ àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ ẹni tó ń tà. Bí ilé iṣẹ́ ni, kí ẹ wò ó bóyá ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LASRERA, àjọ tó ń bójú tó òwò ilé ní Èkó. Kí ẹ sì gba ilẹ̀ náà sọ́wọ́ kíá, kí ẹ wá àṣẹ gómìnà, kí ẹ má fi ìwé pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ti ìjọba náà wà. Òfin tó le kò níyì bí ẹjọ́ bá ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlẹ́rìí fi ń kú. Kí ìwé ilẹ̀ ṣí sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni lè rí ilẹ̀ tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé àti èyí tó yọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni a ó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn là, ju kí a máa fi ọdún kún ẹ̀wọ̀n lọ, nítorí kò sí irọ́ tó lè gbé níbi tí òtítọ́ bá wà lárọ̀ọ́wọ́tó.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò rí owó àkọ́kọ́ gbà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ló tún ra ilẹ̀, ìdajì pílọ́ọ̀tì, ó jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí ó tó sanwó, oṣù méjì ni súfèyọ̀ àti lọ́yà fi yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì bínú pé kò fọkàn tán àwọn. Ó ní kí wọ́n má bínú, ó sì dúró. Fáìlì aláwọ̀ ewé ló fi kó ìwé rẹ̀ sí báyìí: súfèè, ìwé tí olórí ẹbí àti àwọn olórí ojúlé fọwọ́ sí, ìwé báǹkì, èsì àyẹ̀wò láti Aláùsá. Risíìtì onímáńgòrò yẹn ló fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọmọ tó bá wá bá a pé òun fẹ́ ra ilẹ̀, ìyẹn ló máa ń kọ́kọ́ yọ fún un.